Báwo ni Etí Òkun Nàìjíríà Ṣe Gùn Tó?

Ìbéèrè kan tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn ni ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí: báwo ni etí òkun Nàìjíríà ṣe gùn tó?

Bí olùkọ́ kan ní Command, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, bá bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ wọn dáhùn pé kìlómítà 853 ni, nítorí pé iye tí a sábà máa ń kà nínú ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá dìde tí ó sọ pé kìlómítà 3,122 ni, kí olùkọ́ má ṣe yára fagi lé ìdáhùn rẹ̀. Iye yìí wà nínú àkọsílẹ̀ World Resources Institute, àjọ kan ní Amẹ́ríkà, tí ó lo máàpù tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:250,000. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta iye àkọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀, kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Kò sí òkun ní Command, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wíwọ̀n kò ṣàjèjì níbẹ̀. Bí awọnlẹ̀ méjì bá wọn ògiri ọgbà kan, tí ọ̀kan lo téèpù gígùn, tí èkejì lo rúlà kékeré, iye tí wọn yóò mú wá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí pé ògiri náà tọ́. Etí òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan tẹ̀ wọnú, apá kan yọ síta. Bí ènìyàn bá sì sún mọ́ ibi tí ó tẹ̀, yóò tún rí àwọn kọ̀rọ̀ kéékèèké mìíràn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi ọ̀pá kìlómítà 10 wọ̀n ọ́n yóò fo gbogbo kọ̀rọ̀ wọ̀nyí dá. Ẹni tí ó fi ọ̀pá kìlómítà 1 wọ̀n ọ́n yóò wọ inú púpọ̀ nínú wọn, gígùn tí yóò rí yóò sì pọ̀ sí i.

Lewis Fry Richardson, ọmọ ilẹ̀ Bìrìtéènì, ni ó ṣe àkíyèsí ọ̀rọ̀ yìí nínú iṣẹ́ kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1961, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 1967, Benoit Mandelbrot fi etí òkun Bìrìtéènì ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Science. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé bí ọ̀pá ìwọ̀n bá ṣe ń kéré sí i ni etí òkun yóò máa gùn sí i.

Ní Nàìjíríà, etí òkun láti Badagry dé Lẹ́kí fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Ṣùgbọ́n ní ibi tí odò Ọya ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ wọ òkun, ẹnu odò àti erékùṣù kò lóǹkà. Níbẹ̀ ni ọ̀pá kékeré ti ń fi agbára rẹ̀ hàn. Ìkùukùu kì í jẹ́ kí fọ́tò ọkọ̀ òfuurufú rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ní ọdún 1976 sí 1977, rédà inú ọkọ̀ òfuurufú ni a fi ya àwòrán Nàìjíríà. Ní ọdún 2003, sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 ń rí ohun tí ó fẹ̀ tó mítà 32. Ní ọdún 2011, NigeriaSat-2 ń rí èyí tí kò ju mítà 2.5 lọ. Ní nǹkan bí ọdún 2011 kan náà, máàpù tuntun sọ etí òkun Nọ́wè àti àwọn erékùṣù rẹ̀ di kìlómítà 100,915 láti orí 83,281. Ilẹ̀ wọn kò sì fi ẹsẹ̀ bàtà kan fẹ̀ sí i.

Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn inú kíláàsì lásán. Ní Ayétòrò, ìlú tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ọdún 1947, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ní Èkó, ògiri òkúta tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sí ẹnu òkun ní ọdún 1908 dí ọ̀nà mọ́ iyanrìn tí ń ti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Bí ẹnì kan bá gbé máàpù àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti ìsinsìnyí, tí ó rí i pé etí òkun gùn sí i, ó lè sọ pé ilẹ̀ ń pọ̀ sí i, nígbà tí ilé àwọn ènìyàn ń rì. Ọ̀pá kan náà ni ó gbọ́dọ̀ wọn ti àná àti ti òní kí ohun tí òkun gbà tó lè hàn.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀pá gígùn tó fún ẹni tí ó fẹ́ fi orílẹ̀-èdè wé ara wọn. Ẹni tí ó fẹ́ dá abúlé kan sí nílò ọ̀pá kékeré. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá kọ 853 sára pátákó, kí ó kọ irú máàpù tí a fi wọ̀n ọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá sì mú 3,122 wá, kí olùkọ́ bi í pé ọ̀pá wo ni wọ́n lò.