Kíkọ́ Àwọn Ọmọ Wa ní Iṣẹ́ Ẹnjiníà Ètò Kọ̀ǹpútà: Ọ̀nà Tuntun àti Ìṣòro Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Gbogbogbòò Ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Alákòóso tí ó pè wá láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí àkókò, nítorí pé ìpàdé yìí ni yóò pinnu bí a ó ti ná owó tí a dá jọ fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé girama ìlú wa. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a fi gbogbo rẹ̀ ra ẹ̀rọ. Àwa tí a ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní èrò mìíràn, a ó sì ṣe àlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́

Kọ̀ǹpútà kò lè dá ohunkóhun ṣe. Ènìyàn ni ó ń kọ àṣẹ sílẹ̀ fún un ní ẹsẹẹsẹ. Àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní kóòdù, àkójọpọ̀ kóòdù tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan ni a sì ń pè ní ètò kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí ó ní làákàyè lè kọ́ bí a ti ń kọ kóòdù kéékèèké ní ìwọ̀n oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ ahéré sí oko ara rẹ̀ kọ́ ni a ó pè láti wá kọ́ afárá tí gbogbo ìlú yóò máa gbà kọjá. Bí ahéré bá wó, olóko nìkan ni òjò yóò pa. Bí afárá bá wó, ìlú ni yóò ṣọ̀fọ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ahéré àti afárá ni ó wà láàrin kíkọ kóòdù àti iṣẹ́ ẹnjiníà ètò kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1968, àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn oníṣẹ́ pàdé ní Garmisch ní ilẹ̀ Jámánì, lábẹ́ àjọ NATO. Ohun tí ó kó wọn jọ ni pé àwọn ètò ńláńlá tí wọ́n ń ṣe máa ń pẹ́ ju ọjọ́ tí a dá, wọ́n máa ń jẹ owó ju iye tí a pinnu, wọ́n sì máa ń kún fún àṣìṣe. Ìpàdé náà ni ó sọ orúkọ iṣẹ́ yìí di mímọ̀ káàkiri ayé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó yẹ kí ẹni tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ní irú ìlànà tí akọ́lé ńlá ní: kí ó wọn ilẹ̀ kí ó tó gbẹ́ ẹ, kí ó dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, kí ó kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀, kí ó sì lè dúró dáhùn fún un.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ méjì wá. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ti àwọn ará Yúróòpù gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Kourou, ní French Guiana. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi yà kúrò lọ́nà, tí ó sì fọ́ túútúú lójú ọ̀run. Wọ́n ti mú apá kan nínú ètò kọ̀ǹpútà ti Ariane 4 lò, láìdán an wò lórí irú ìrìn tí ọkọ̀ tuntun náà yóò rìn. Nọ́ńbà kan tóbi ju àyè tí a pèsè fún un lọ, ètò tí ń darí ọkọ̀ sì dákẹ́. Kóòdù náà kò ṣe ibi kankan níbi tí ó ti wá. Àìbéèrè bóyá ó bá ilé tuntun mu ni ó dá òfò sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Ìlú Ọba mọ èkejì dáadáa. Láàrin ọdún 1999 àti ọdún 2015, a dá àwọn tí ń ṣe àkóso ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké lẹ́bi níbẹ̀, iye wọn sì ju 900 lọ, nínú ẹjọ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ ti inú ètò ìṣirò kan tí à ń pè ní Horizon wá. Horizon ń sọ pé owó dín nígbà tí owó kò dín. Àwọn kan lọ sí ẹ̀wọ̀n, àwọn mìíràn sì san gbèsè tí wọn kò jẹ. Ọdún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ṣe òfin láti pa irú ìdálẹ́bi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Àṣìṣe inú ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ó fa ìyà yìí. Àwọn aláṣẹ gbà pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá wí kò lè jẹ́ irọ́, wọn kò sì gbọ́ ti ẹni tí ń ké. Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí, bí a ti ń kọ́ ọ ní ọgbọ́n ni a ń kọ́ ọ ní ìwà.

Ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ni nísinsin yìí

Láyé àtijọ́, olùkọ́ a kọ kóòdù sójú pátákó, àwọn ọmọ a dà á kọ sínú ìwé, nígbà ìdánwò wọn a sì tún un kọ sórí bébà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kọ pọ̀. Àwọn tí ó lè ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fọkàn tán kò pọ̀. Ohun tí ó mú wa yí padà nìyí. Ọ̀nà mẹ́rin ni a ó mẹ́nu bà.

Èkíní, a ń fi iṣẹ́ tòótọ́ kọ́ wọn. A ó kó ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ, a ó sì rán wọn sí ẹni tí ó ní ìṣòro, bí ẹni tí ń tọ́jú oògùn ní ilé ìwòsàn tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn ni yóò béèrè ọ̀rọ̀, àwọn ni yóò sì ṣe ètò tí ó bá a mu. Ní ìdajì ọ̀nà, ẹni tí ó ni iṣẹ́ yóò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, nítorí pé ìgbà tí ènìyàn bá rí ohun tí ó béèrè ni ó máa ń mọ ohun tí ó fẹ́. Ní ọdún 2001, àwọn oníṣẹ́ 17 pàdé ní Utah ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fọwọ́ sí ìlànà kan tí ó fi èyí ṣe ìpìlẹ̀: kí a máa ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí a máa fi han ẹni tí ó ni ín, kí a má sì bínú bí ó bá ní kí a tún un ṣe.

Èkejì, a ń fi ọmọ méjì sídìí kọ̀ǹpútà kan. Ọ̀kan ń tẹ kóòdù, èkejì ń ṣọ́ ọ̀nà, ó ń béèrè ìdí, ó sì ń tọ́ka sí àṣìṣe. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀ wọn a gba ipò ara wọn. Àwọn olùkọ́ bí Laurie Williams ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ọ̀nà yìí. A fẹ́ kí ẹ fiyè sí i. Wọn kò fi ọmọ méjì sídìí ẹ̀rọ kan nítorí àìní; ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń wá. Kọ̀ǹpútà 15 tó fún ọmọ 30, bí olùkọ́ bá mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ẹ̀kẹta, a ń fún wọn ní ètò tí àwọn ọmọ ọdún tí ó kọjá ṣe, kí wọ́n tún un ṣe. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ènìyàn máa ń bá pàdé jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọmọ tí ó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ìtumọ̀ kóòdù tí a kò ṣe àlàyé kankan sí yóò mọ ìdí tí òun náà fi gbọ́dọ̀ ṣe àlàyé sí tirẹ̀. Ètò Git, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ni wọ́n fi ń ṣe ìtàn iṣẹ́ náà: ẹni tí ó yí nǹkan padà, ọjọ́ tí ó yí i, àti ìdí tí ó fi yí i.

Ẹ̀kẹrin, a ń kọ́ wọn láti kọ ètò tí ń yẹ ètò wò. Èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1960 ni Jack Hollingsworth ti Rensselaer ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa ètò tí ó fi ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wò. Èyí tí ó tuntun ni pé ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é nísinsin yìí, nígbà mìíràn kí ó tó kọ iṣẹ́ náà gan-an. Àpẹẹrẹ kan kan gbogbo wa. Nínú ìlànà Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń kọ lẹ́tà, lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́, èyí tí ó ní àmì ohùn lórí, kò ní. A ní láti tò ó pọ̀, ọ̀nà tí a sì lè gbà tò ó ju ẹyọ kan lọ. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà tí a kò kọ́, wọ́n yàtọ̀. Bí Bọ́lá bá kọ orúkọ rẹ̀ láti London tí ó sì san owó ẹgbẹ́, tí akọ̀wé nílé sì wá Bọ́lá lórí ẹ̀rọ mìíràn, ètò tí a kò dán wò lè sọ pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ń fi orúkọ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan dán iṣẹ́ rẹ̀ wò kò ní rí àṣìṣe yìí láéláé.

Ìṣòro tí ó wà nínú rẹ̀

Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọ́n le fún olùkọ́. Olùkọ́ kan a máa ní ọgọ́rùn-ún ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú iṣẹ́ àjọṣe, ẹni méjì a ṣiṣẹ́, ẹni mẹ́rin a gba máàkì. Iná mànàmáná a lọ ní àárín ẹ̀kọ́, owó íntánẹ́ẹ̀tì a sì wọ́n. Olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ náà gan-an, ilé iṣẹ́ ńlá tàbí òkè òkun ni yóò gbà á lọ́wọ́ wa. Ní ọdún 2022, àjọ NUC tí ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde, tí iṣẹ́ ẹnjiníà ètò kọ̀ǹpútà ti ní oyè tirẹ̀. Ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ náà là sílẹ̀, ìpín 30 yòókù ni yunifásítì kọ̀ọ̀kan yóò fi ohun tí ó bá àyíká rẹ̀ mu kún. Ìlànà náà dára, ṣùgbọ́n ìlànà kì í kọ́ ọmọ. Ènìyàn ni í kọ́ ọmọ.

Ìṣòro tí ó tuntun jù ni ti ẹ̀rọ tí ń kọ kóòdù fúnra rẹ̀. Ọdún 2021 ni GitHub Copilot jáde, ChatGPT sì tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó máa ń gba ọmọ ní ọjọ́ mẹ́ta, ó lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ parí rẹ̀ kí omi tó hó lórí iná. Àwọn òbí ń bi wá léèrè pé, kí ni a tún ń kọ́ wọn fún? Ìdáhùn wa nìyí. Ẹ̀rọ náà ń fi ìgboyà kan náà sọ òótọ́ àti irọ́. Kò mọ ìlú wa, kò sì sí adájọ́ tí yóò pè é lẹ́jọ́ bí iṣẹ́ náà bá ba ayé ẹnì kan jẹ́. Ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ohun tí ó kọ tọ́ ni ayé ń wá nísinsin yìí.

Nítorí náà, a kì í jẹ́ kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kàn án, bí a kì í ti í fún ọmọ ní ẹ̀rọ ìṣirò kí ó tó mọ ìlọ́po. Nígbà tí ó bá dàgbà nínú ẹ̀kọ́, ó lè lò ó, ṣùgbọ́n yóò wá síwájú wa, yóò ṣe àlàyé kóòdù náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí a bá sì yí ìbéèrè padà, ojú wa ni yóò ti tún un ṣe. Ẹ wo iye àkókò tí èyí ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ọgọ́rùn-ún ọmọ! Olùkọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ kò ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa fún ẹgbẹ́

A mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn ẹ̀rọ. A lè rí i, a lè ya fọ́tò rẹ̀, Kábíyèsí sì lè wá ṣí i. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ohun mẹ́rin ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Kí a fi ìdajì owó náà ra kọ̀ǹpútà 15, kí a sì fi sólà àti bátìrì sí iyàrá náà, kí ẹ̀kọ́ má bàa dúró nígbà tí iná bá lọ. Kí a ya ìdajì kejì sọ́tọ̀ fún owó àfikún àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ méjì, tí wọn yóò fọwọ́ sí i pé àwọn yóò dúró tì wá fún ọdún mẹ́ta. Kí a fi ìwé owó ẹgbẹ́ wa ṣe iṣẹ́ tòótọ́ tí àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ ṣe, orúkọ gbogbo wa pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Akápò má ṣe ju ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ nù, kí kọ̀ǹpútà àti ìwé máa jẹ́rìí ara wọn fún ọdún méjì, kí ó má bàa di pé ẹ̀rọ fi ẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó, ní London àti ní Amẹ́ríkà, ẹ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ kan lóṣù, kí ẹ máa ti orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹ iṣẹ́ àwọn àbúrò yín wò, kí ẹ sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Wákàtí yín wúlò fún wa ju ẹ̀rọ àlòkù lọ.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí nílé àti lẹ́yìn odi bá pawọ́ pọ̀, a ó rí ọmọ ìlú yìí tí yóò ṣe ètò tí ayé lè fọkàn tán. Ọwọ́ ìpàdé yìí ni ọ̀rọ̀ kù sí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú.