Fáírọ́ọ̀sì Tó Ń Gbé Ìwòsàn: Kí Ló Mú Un Wọ́n Tó Bẹ́ẹ̀?

 

Agboolé tí kò mọ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó gbé jíìnì àrùn náà ẹyọ kan. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú àrùn náà níbí lọ́dọọdún. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó tó wa. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a pè ní àbíkú. Ọmọ tí egungun ń ro, a tún fi abẹ kọ ọ́ lára. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ohun tó fa àrùn yìí ni pé lẹ́tà kan ṣoṣo yí padà nínú jíìnì hẹmoglóbìn, èyí tó ń gbé atẹ́gùn kiri inú ẹ̀jẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti dín, ẹ̀jẹ̀ pupa á tẹ̀, á le, á sì dínà mọ́ ara rẹ̀ nínú iṣan.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú méjì tó ń dojú kọ jíìnì. Ọ̀kan, Casgevy, ń gé jíìnì. Èkejì, Lyfgenia, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí fáírọ́ọ̀sì ló ń lò. Àwọn dókítà á gba sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, fáírọ́ọ̀sì á gbé jíìnì tó dára wọ inú wọn, oògùn líle á fọ mùdùnmúdùn egungun rẹ̀, wọn á sì dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sí i lára. Kò ṣàì ní ewu: FDA ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ nípa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sára rẹ̀. Iye tí wọ́n dá lé e lọ́dún 2023 ni mílíọ̀nù 3.1 dọ́là lórí ẹnì kan.

Láti ara HIV ni wọ́n ti mú fáírọ́ọ̀sì yìí. Ẹ má jáyà. Wọ́n ti yọ ohun tó fi ń pọ̀ sí i kúrò. Agbára láti wọ sẹ́ẹ̀lì kó sì fi jíìnì sílẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n dá sí. Ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní fáírọ́ọ̀sì agbéjíìnì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni ó yẹ kí á dúró lé, torí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ń lọ. Wọ́n ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ HEK293, tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ní Leiden, ní Netherlands, ní 1973. Wọn á pín ìlànà fáírọ́ọ̀sì náà sí ọ̀nà bíi mẹ́rin, kó má baà rí àyè di odidi HIV mọ́, wọn á sì kó gbogbo rẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á máa tú fáírọ́ọ̀sì sínú omi tí wọ́n fi ń tọ́ ọ. Wọn á sẹ́ ẹ, wọn á yọ ìdọ̀tí kúrò, wọn á mú un ki. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ nínú rẹ̀. Awọ fáírọ́ọ̀sì yìí kò lágbára: ooru ń bà á jẹ́, iyọ̀ tó pọ̀jù ń bà á jẹ́, a kò sì lè sè é kí á lè pa kòkòrò mìíràn. Nínú èyí tó ṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ ni kò lè wọ sẹ́ẹ̀lì kankan. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó mọ̀ ọ́n: a kì í fi iye èso orí igi ṣírò owó, hóró tó gbẹ tó sì dára ni wọ́n ń gbé sórí ìwọ̀n.

Jíìnì hẹmoglóbìn tún wá le ju àwọn mìíràn lọ. Àwọn ègé tó ń pàṣẹ fún un gùn, bí ẹrù bá sì ti gùn, fáírọ́ọ̀sì tó dára á dín kù. Ní 2020, Donald Kohn àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì UCLA gbé ìwádìí jáde: wọ́n gé àwọn ègé náà kúrú, fáírọ́ọ̀sì wá pọ̀ sí i, ó sì ń wọ sẹ́ẹ̀lì dáadáa. Irú iṣẹ́ báyìí kì í dé orí rédíò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ọ̀mọ̀wé ló sábà ń ṣe é, wọn á yí oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì padà, wọn á tún un ṣe, wọn á tún un wọ̀n. Lójú tèmi, ọwọ́ wọn ni ó wà bóyá ìwòsàn yìí á dé Ìdànrè, ìlú wa.

Àwọn kan ní irú iṣẹ́ yìí ju agbára wa lọ. Mi ò gbà. Ilé iṣẹ́ àjẹsára ìjọba ní Yábà ṣe àjẹsára ibà pọ́njú, ti ṣọ̀pọ̀ná àti ti dìgbòlugi fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dáwọ́ dúró ní 1991. Ní Ẹdẹ, àwọn onímọ̀ ibùdó ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's ka jíìnì fáírọ́ọ̀sì COVID-19 ní oṣù Kẹta ọdún 2020, kété tí àrùn náà wọ ilẹ̀ wa. Ní 2019, NIH ti Amẹ́ríkà àti Gates Foundation ṣèlérí mílíọ̀nù 200 dọ́là láti wá ìwòsàn jíìnì tí apá ilẹ̀ Áfíríkà ká, fún àrùn yìí àti HIV. Ta ni yóò bá wọn ṣe é níbí, bí a kò bá kọ́ ẹnikẹ́ni?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn náà, lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì bi í nípa oògùn hydroxyurea. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, yunifásítì UNIMED wà ní Oǹdó, yunifásítì FUTA wà ní Àkúrẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́ yàrá ìwádìí kan tí àwọn ọmọ wa á ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì àti bí a ṣe ń ṣe fáírọ́ọ̀sì agbéjíìnì, kí ẹ sì fún un ní iná mànàmáná tí kì í lọ.