ÌṢÁKỌ́LẸ̀ NI TI ÀJÈJÌ, ILẸ̀ NI TI WA
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní Mápó, Ìbàdàn)

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a bá wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a kórìíra àlejò. Àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú tí wọ́n pàgọ́ síhìn-ín ní nǹkan bí ọdún 1829 ni wọ́n sọ Ìbàdàn di ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a fún àlejò ní ibi tí yóò dáko sí, ọ̀tọ̀ ni kí a ta ilẹ̀ fún un. Àlejò a san ìṣákọ́lẹ̀, a jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ilẹ̀ a sì wà lọ́wọ́ ìdílé tí ó ni ín.

Lever, olówó ọṣẹ, wá ilẹ̀ rẹpẹtẹ fún oko ọ̀pẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò rí i gbà bí ó ti fẹ́. Kóńgò ni ó ti rí i gbà ní 1911. Òfin 1917 ní tiwa sọ pé àjèjì kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ìbílẹ̀ láìjẹ́ pé Gómìnà fọwọ́ sí i. Ẹ wo Kẹ́ńyà, níbi tí ìjọba ti kó ilẹ̀ ọlọ́ràá fún àwọn òyìnbó: àwọn Kikuyu di alágbàṣe lórí ilẹ̀ baba wọn, ìjà ńlá sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1952.

Lónìí, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ní 2017, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà kò lè fi òfin yìí gba ẹ̀tọ́ onílẹ̀.

Òfin ti mọ odi. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àjèjì kì í fúnra rẹ̀ wá sí Bẹẹrẹ láti bèèrè ilẹ̀. Ọmọ wa ni í rán. Ọmọ wa a fi orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé, owó ẹlòmíràn ni yóò san. Baba arúgbó tí kò mọ̀wé a tẹ àtàǹpàkò, a sì gé kòkó lulẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má dá ilẹ̀ ẹbí tà: bí ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, asán ni lójú òfin, bí olórí ẹbí bá dá a tà láìbá àwọn àgbà ẹbí sọ̀rọ̀, ilé-ẹjọ́ lè wọ́gi lé e. Èkejì, ẹ wádìí ẹni tí ó ni owó, àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tí ó mú ìwé wá. Ẹ̀kẹta, bí àjèjì bá fẹ́ dáko níhìn-ín, kí ó gbà á fún iye ọdún tí a kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba, kí ó sì máa san owó rẹ̀ déédé.

Owó ilẹ̀ a máa tán. Ilẹ̀ kì í tán. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ wa wá máa san ìṣákọ́lẹ̀ lórí oko tí baba wọn ṣán.