Ọmọ Ọjọ́ Ogbó: Kí Ni Ìwé Mímọ́ Èdè Hébérù Sọ Gan-an Nípa Sárà?



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni níbí. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, "Ọlọ́run Sárà" ni wọ́n fi ń gbàdúrà fún obìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ. Àdúrà náà dára. Ìwàásù tó máa ń tẹ̀ lé e ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Wọ́n á ní Sárà rẹ́rìn-ín nítorí pé kò nígbàgbọ́, pé irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ló ń dá ọmọ dúró lọ́nà. Obìnrin tó wá gba àdúrà á wá di ẹrù ẹ̀bi lọ sílé. Mo fẹ́ kí a jọ padà sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní èdè Hébérù, kí a wò ó bóyá ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ẹnu ọ̀nà àgọ́ inú Jẹ́nẹ́sísì orí 18. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń mú ganrínganrín. Ábúráhámù, ẹni ọdún 99, rí àlejò mẹ́ta lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì sáré lọ pàdé wọn. Ó sáré wọ àgọ́ pé kí Sárà tètè po ìyẹ̀fun òṣùwọ̀n mẹ́ta, ó sáré lọ sí ibi agbo màlúù, ó fa ọ̀dọ́ màlúù tó rọ̀ lẹ́ran lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́ pé kó yára sè é. Nígbà tí àwọn àlejò jẹun tán lábẹ́ igi, wọ́n béèrè ìyàwó rẹ̀. Ó ní ó wà nínú àgọ́. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ pé, nígbà tí òun bá padà wá ní ìwòyí àmọ́dún, Sárà á ti ní ọmọkùnrin. Ẹ̀yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni ẹnu ọ̀nà àgọ́ wà, Sárà sì ń gbọ́.

Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti dá ìtàn dúró láti sọ bí ara tọkọtaya náà ṣe rí fún wa. Àwọn méjèèjì ti darúgbó, ọ̀nà àwọn obìnrin sì ti kúrò lára Sárà. Orach ni ó pe ọ̀nà yẹn. Àdàpè ni, bí àwa náà ṣe ń pè é ní nǹkan oṣù. Rákélì da irú àdàpè bẹ́ẹ̀ ní orí 31, nígbà tó jókòó lé àwọn òrìṣà bàbá rẹ̀ tí kò sì fẹ́ dìde. Òǹkọ̀wé bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ kò fi pamọ́. Kí Sárà tó la ẹnu rẹ̀ rárá, a ti mọ̀ pé òótọ́ ara ni ohun tó fẹ́ sọ.

Nǹkan mẹ́ta ló sọ nínú ọkàn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, balah ni ọ̀rọ̀ tó sì lò. Aṣọ ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún. Nínú Diutarónómì orí 8, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n lò láti sọ pé aṣọ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò gbó mọ́ wọn lára ní 40 ọdún tí wọ́n fi rìn nínú aṣálẹ̀. Nínú ìwé Jóṣúà orí 9, òun náà ni wọ́n lò fún bàtà tó ti luko, àpò tó ti gbó àti ìgò awọ tó ti fà ya, èyí tí àwọn ará Gíbéónì gbé rù kí wọ́n lè dà bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Àwa Yorùbá ń lo "gbó" fún aṣọ, a sì ń lò ó fún èèyàn tìyìntìyìn. Tí a bá ní "wàá gbó, wàá tọ́", àdúrà ńlá ni. Hébérù pààlà sáàárín méjèèjì. Zaqen ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún àgbà, kọ́ńsónáǹtì kan náà ló sì wà nínú zaqan, ìyẹn irùngbọ̀n. Nígbà tí Sárà dé orí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, zaqen ló pè é, ó tún pè é ní olúwa mi. Ó fi ọ̀rọ̀ tó níyì bọlá fún ọkọ, ó fi ti àkísà sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí obìnrin tí wọ́n ti ń pè ní àgàn láti orí 11 ṣe ń wo ara rẹ̀ nìyẹn.

Láàárín méjèèjì ni ednah wà: ó bi ara rẹ̀ pé lẹ́yìn tí ara òun ti gbó báyìí, ṣé òun tún lè ní ednah? Orí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì fẹnu kò sí láti ayébáyé. Àwọn Júù tó túmọ̀ Òfin Mósè sí èdè Gíríìkì ní Alẹkisáńdíríà, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Krístì, kò rí ednah níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ fi hàn pé ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "títí di ìsinsìnyí" ni wọ́n kà á sí, torí lẹ́tà ìgbà yẹn kò ní àmì fáwẹ́lì lórí. Ìtumọ̀ èdè Árámáíkì tí à ń pè ní Onkelos sọ pé ìgbà èwe ni. Rashi, ọ̀gá nínú àwọn atúmọ̀ Júù, tó kú ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1105, ní kí awọ ara máa dán ni.

Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1979, wọ́n hú ère alákòóso kan jáde nílẹ̀ ní Tell Fekheriye, ní àríwá Síríà. Nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án ṣáájú ìbí Krístì ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí. Èdè méjì ni wọ́n kọ sí i lára, Ákádì àti Árámáíkì, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tó bá ednah tan yin Hadad, òrìṣà òjò wọn, pé òun ló ń bomi rin gbogbo ilẹ̀ tó sì ń mú kó lọ́ràá. Lójú tèmi, ère yẹn ló tú ìdí ọ̀rọ̀ Sárà fún wa. Ara tó ti gbẹ tó sì tún fẹ́ tutù ló ń sọ. Adùn àárín ọkọ àti aya sì wà nínú rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ tijú sọ ọ́. Ìyá ẹni ọdún 89 ń bi ara rẹ̀ bóyá ara òun ṣì lè yọ̀, kó tó wá ronú pé ọkọ òun náà ti darúgbó. Ìbéèrè àgbàlagbà tó mọ ara rẹ̀ ni. Mi ò rí ọ̀tẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Olúwa bi Ábúráhámù léèrè ìdí tí Sárà fi rẹ́rìn-ín tó sì sọ pé òun ti darúgbó. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó fi ọjọ́ ogbó ọkọ sílẹ̀, ó dárúkọ ti aya nìkan. Àwọn rábì Támọ́dù rí i, wọ́n sì sọ nínú ìwé Yevamot pé àlàáfíà ilé tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi yí ọ̀rọ̀ padà kí ọkọ má baà bínú. Mo fara mọ́ wọn. Àmọ́ ohun tí Ọlọ́run fi pẹ̀tù sí aáwọ̀, àwa oníwàásù ti sọ ọ́ di ìdájọ́. A gbé ọjọ́ ogbó ọkọ kúrò nínú ìtàn, a wá di gbogbo rẹ̀ ru ìyàwó.

Ta ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín gan-an? Ẹ ṣí orí 17. Níbẹ̀, Ábúráhámù gbọ́ ìlérí kan náà, ó dojú bolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi ara rẹ̀ bóyá ẹni 100 ọdún lè bímọ, bóyá Sárà ẹni 90 ọdún lè bí. Tsachaq ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà níbẹ̀, òun náà ló wà fún ẹ̀rín Sárà, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Ọlọ́run sọ ọmọ náà ní Yitschaq, èyí tí à ń pè ní Ísáákì. Ẹ̀rín bàbá ni orúkọ náà kọ́kọ́ tẹ̀ lé, kí ìyá tó gbọ́ ohunkóhun lẹ́yìn ilẹ̀kùn àgọ́. Kò sì sí ibì kankan láàárín orí méjèèjì tí a ti kà pé Ábúráhámù jíṣẹ́ fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù ba Sárà tó ní òun kò rẹ́rìn-ín, ìdáhùn tó gbà ni pé ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò sí ìyà, kò sí ègún, ọmọ kò pẹ́ ju ìgbà tí wọ́n dá lọ.

Ọ̀rọ̀ àgàn náà tún wà níbẹ̀. Aqarah ni Hébérù pè é, Sárà, Rèbékà àti Rákélì ló sì jẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ti ọkùnrin. Nínú Diutarónómì 7:14, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí pé kò ní sí àìrọ́mọbí láàárín èèyàn tàbí ẹran ọ̀sìn, aqar, ọkùnrin tí kò rọ́mọ bí, ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ kí wọ́n tó dé orí aqarah. Àwọn rábì kan náà sọ pé Ísáákì alára yàgàn. Ẹni 40 ọdún ni nígbà tó fẹ́ Rèbékà, ó pé 60 kí wọ́n tó bí ìbejì. Ìwé Mímọ́ sọ pé iwájú aya rẹ̀ ló ti gbàdúrà, wọ́n sì fà á yọ nínú ọ̀rọ̀ náà pé àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn ni, torí pé ìṣòro àwọn méjèèjì ni.

Ìyá Ṣúnẹ́mù inú ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 4 ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin olówó ni. Ó kọ́ yàrá kékeré sókè ilé fún wòlíì Èlíṣà, ó gbé ibùsùn, tábìlì, àga àti fìtílà síbẹ̀. Kò béèrè ọmọ. Géhásì ìránṣẹ́ ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé obìnrin náà kò ní ọmọkùnrin, ọkọ rẹ̀ sì ti darúgbó. Kò sọ pé ara obìnrin náà ní àbùkù. Èlíṣà wá fi ọ̀rọ̀ tí àlejò fi ṣèlérí fún Ábúráhámù ṣèlérí fún un, ka'et chayyah, ní ìwòyí àmọ́dún. Ìlérí kan náà ni, bàbá ló darúgbó lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ tí wọ́n bá bí báyìí ni Hébérù ń pè ní ọmọ zequnim. Ibi mẹ́rin péré ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde nínú gbogbo Ìwé Mímọ́ wọn, inú Jẹ́nẹ́sísì sì ni gbogbo rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì fún Ísáákì, ẹ̀ẹ̀kan fún Jósẹ́fù, ẹ̀ẹ̀kan fún Bẹ́ńjámínì. Ìṣírò ọjọ́ orí nìkan kò lè gbé e. Jákọ́bù pé 130 ọdún nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Jósẹ́fù ti jẹ́ 39 nígbà náà, torí pé ẹni 30 ni nígbà tó di olóyè, ọdún ọ̀pọ̀ 7 ti kọjá, ìyàn sì ti mú ọdún 2. Ó túmọ̀ sí pé Jákọ́bù jẹ́ 91 nígbà tí wọ́n bí i. Àmọ́ àárín ọdún díẹ̀ náà ni wọ́n bí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n pè ní zequnim nínú wọn. Kétúrà, aya mìíràn tí Ábúráhámù fẹ́, tún bí ọmọkùnrin mẹ́fà fún un, ìtàn wọn sì wà lẹ́yìn ikú Sárà. Àwọn náà kò gba orúkọ yẹn. Ọmọ obìnrin tí a ti sọ pé kò lè bí mọ́ ló ń jẹ́ ẹ: ti Sárà, ti Rákélì. Síbẹ̀ "ọjọ́ ogbó rẹ̀", ti bàbá, ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Ìránṣẹ́ Ábúráhámù nìkan ló sọ ní orí 24 pé ọjọ́ ogbó Sárà ni, àní ẹ̀dà àwọn ará Samáríà àti ti Gíríìkì sọ ibẹ̀ náà di ti bàbá.

Mi ò ní fi ibi tó dunni sílẹ̀. Íṣímáẹ́lì náà jẹ́ ọmọ ogbó. Ẹni 86 ọdún ni Ábúráhámù nígbà tí Hágárì, ìránṣẹ́bìnrin Sárà, bí i fún un. Ọjọ́ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu Ísáákì ni bàbá se àsè ńlá, inú àsè yẹn ni Sárà ti rí Íṣímáẹ́lì tó ń ṣe metsacheq, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kan náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lé ìyá àtọmọ jáde pẹ̀lú oúnjẹ àti ìgò awọ omi kan. Ayọ̀ Sárà jẹ́ òótọ́, ẹkún Hágárì ní aṣálẹ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá ń wàásù ọ̀kan kó wàásù èkejì.

Nípa àsè yẹn, àwọn rábì ní ìtàn kan nínú Bava Metzia, ìwé Támọ́dù mìíràn. Wọ́n ní àwọn èèyàn ń yọ́ ọ sọ pé ojú títì ni arúgbó méjì yìí ti he ọmọ. Àwọn ìyàwó ìjòyè wá pẹ̀lú ọmọ wọn láìmú olùtọ́jú dání, Sárà sì fún gbogbo àwọn ọmọ náà lọ́mú níṣojú wọn. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé, nígbà tí Sárà ń sọ̀rọ̀ ayọ̀ rẹ̀ ní orí 21, "àwọn ọmọ" ló ní òun fún lọ́mú, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ló bí.

Ẹ̀yin oníwàásù tó wà níbí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Kí ẹ tó ka orí 18 lórí pẹpẹ, ẹ kọ́kọ́ ka orí 17 sétí ìjọ, kí wọ́n gbọ́ ẹ̀rín bàbá. Ẹ má ṣe sọ fún obìnrin kankan mọ́ pé ẹ̀rín tàbí omijé rẹ̀ ló dí i lọ́wọ́. Nígbà tí tọkọtaya bá sì wá bá yín fún àdúrà ọmọ, ẹ gbàdúrà fún àwọn méjèèjì, kí ẹ sì sọ fún ọkọ pé kí òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù.