Okùn Ni Kẹ́ Ẹ Bèèrè

Òkè Àrin ni mo ti gba ohùn tòní.

Igi fúrúùtù kan wà lẹ́yìn ilé wa níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan kàn fi àáké gé ẹ̀ka rẹ̀ kan, ó já lu páànù ìsọ̀ ìyá tó ń ta mílíìkì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyá ti jáde. Ẹ̀ka kejì ṣì wà lórí páànù náà.

Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá tó wá gé e mú igbà dání, irú èyí táwọn adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ò lẹ́ka, fúrúùtù lẹ́ka. Nígbà tó dé ibi tí igi ti yà, ó fi okùn mìíràn so ìbàdí rẹ̀ mọ́ òkè. Ó wá so okùn kẹta mọ́ ẹ̀ka tó fẹ́ gé, ó gbé e gba oríta ẹ̀ka tó ga jù ú lọ, ó jù ú sílẹ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ́ ọ mọ́ ìdí igi lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ní, “Àbúrò, ṣé agbára rẹ gbé e?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, èmi nìkan kọ́. Igi ń bá mi dì í mú.”

Òótọ́ ni. Bí okùn ṣe ń ha èèpo igi, kò lè sáré mọ́.

Bàbá fi ayùn gé abẹ́ ẹ̀ka díẹ̀ kó tó gé e látòkè, kí èèpo má baà ya. Ẹ̀ka náà rọra sọ̀kalẹ̀. Páànù ò gbọ́ nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé igi lulẹ̀ l'Ékòó, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK. Kẹ́ ẹ sì tó béèrè iye owó lọ́wọ́ agégi, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: okùn rẹ dà?