Eyín Ọgbọ́n, Abẹ́rẹ́ Ìtòògbé àti Iṣẹ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa)

 

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ni a sábà máa ń sọ níhìn-ín. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ eyín. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ti tọ̀ mí wá pé dókítà fẹ́ yọ eyín àwọn, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà wọ́n, ẹ̀rù fóòmánù sì tún ń bà wọ́n. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: bí wọ́n bá fún yín ní abẹ́rẹ́ ìtòògbé yọ eyín, odindi wákàtí 24 tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ti ọ̀gá, kì í ṣe ti ọkọ̀, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ti ara yín ni. Òfin sì wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́ lórí rẹ̀.

Eyín wo ni à ń sọ? Ẹnu àgbà tó pé ní eyín 32. Mẹ́rin nínú wọn ló ń dé kẹ́yìn, ní kọ̀rọ̀ ẹnu, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Láàárín ọmọ ọdún 17 sí 25 ni wọ́n sábà máa ń hù, nígbà tí ènìyàn ti ń gbọ́n bọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní eyín ọgbọ́n. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní wọn rárá. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá pẹ́ dé ibi ìnáwó lè má rí àga jókòó. Eyín yìí a dé, àgbọ̀n a ti kún. A wá dùbúlẹ̀ sínú egungun, tàbí kí ó yọ orí díẹ̀, kí ẹran ìdí eyín bò ó bí ìdérí. Oúnjẹ a há sábẹ́ ẹran náà, kòkòrò àìsàn a kó síbẹ̀, ẹ̀kẹ́ a wú, ẹnu a máa rùn, ènìyàn kò sì ní lè la ẹnu dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo eyín ọgbọ́n ni a gbọ́dọ̀ yọ. Láti ọdún 2000 ni àjọ tó ń gba àwọn dókítà ìjọba nímọ̀ràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé kí wọ́n má yọ èyí tí kò ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èyí tó ń wú ní àwúpadà, tó ti jẹrà, tàbí tó ń ba eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́, kí ẹ má fi falẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí ìwúlé náà bá sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun, ó lè dí èémí mọ́ ènìyàn nínú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ní gáréèjì a máa kán omi bátìrì sínú eyín tó ń dùn wọ́n. Ẹ̀yin ará mi, áásìdì ni. Ohun tó ń jẹ irin, ṣé ẹ̀kẹ́ ènìyàn ni yóò dá sí? Yóò bó ẹran ẹnu, àìsàn inú eyín yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ògógóró àti paraga náà kò wo eyín. Ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH Ìdí-Àràbà, ní ilé ìwòsàn yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, oníṣègùn eyín wà.

Wàyí o, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n lè gbà yọ ọ́. Èkíní, abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú nìkan. Ojú yín á là sílẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé wọ́n ń tì í, wọ́n ń fà á, ṣùgbọ́n kò ní dùn yín. Báyìí ni wọ́n ṣe ń yọ ọ̀pọ̀. Ìkejì ni abẹ́rẹ́ ìtòògbé. Wọn a fi oògùn sínú iṣan apá, èyí tí wọ́n sábà ń lò ni midazolam, lẹ́yìn náà wọn a tún fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú. Ẹ kì í sùn lọ pátápátá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ la ẹnu, ẹ ó là á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù á lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í rántí ohun tí wọ́n ṣe fún wọn. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n kun ènìyàn lóorun pátápátá ní yàrá iṣẹ́ abẹ, fún èyí tó bá le jù.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn eyín kan tó ń jẹ́ Horace Wells fa afẹ́fẹ́ kan símú, ó sì ní kí ẹlẹgbẹ́ òun yọ eyín òun kan. Kò mọ ìrora rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn kan ṣì ń lo afẹ́fẹ́ yẹn títí di òní.

Kí ẹ tó gbà fún wọn, ẹ bèèrè ọ̀rọ̀. Ta ni yóò máa ṣọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́? Ṣé ọ́síjìn wà nítòsí? Ṣé ẹ ní ohun tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ̀ bí ènìyàn ṣe ń mí? Ibi tí kò bá sí èyí, ẹ má gba abẹ́rẹ́ ìtòògbé níbẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ òótọ́ fún dókítà: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, oúnjẹ tí kì í bá yín lára mu, ọtí, àti oògùn tí ẹ ń lò kí oorun má baà kùn yín lójú ọ̀nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ ìtìjú kọ́. Àpòpọ̀ oògùn ló ń pa ènìyàn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun fún wákàtí mélòó kan, ẹ gbọ́ tiwọn, kí èébì má baà gba ọ̀nà èémí lọ.

Oògùn yìí ní ẹ̀tàn nínú, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan iṣẹ́ wa. Ẹni tó gbà á yóò dìde, yóò sọ̀rọ̀, yóò rò pé ojú òun ti dá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń falẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì ń pẹ́ kí ó tó rí nǹkan. Awakọ̀ kan nínú wa bá àbúrò rẹ̀ jà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn pé kí ó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún òun. Àbúrò kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n kò rántí pé ìjà kankan wáyé. Ẹ ronú ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní ó dé ìdí sítíárì pẹ̀lú èrò lẹ́yìn.

Nítorí náà, fún wákàtí 24: ẹ má wa ọkọ̀, ẹ má gun ọ̀kadà, ẹ má sún mọ́ ẹ̀rọ, ẹ má gun àkàsọ̀, ẹ má mu ọtí. Ẹ má sì tọwọ́ bọ ìwé kankan. Bí ilé iṣẹ́ bá gbé ìwé wá bá yín lórí ibùsùn, ẹ ní kí wọ́n padà wá. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ sìn yín délé, kí ó sì wà tì yín di ọjọ́ kejì.

Ìtọ́jú ilé kò le. Ẹ gé eyín mọ́ òwú tí wọ́n bá fi síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò náà ni ìdérí ọgbẹ́. Ẹ má tú u. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má yọ ẹnu, ẹ má máa tutọ́, ẹ má fi sítúróò fa mínírà, ẹ má sì mu sìgá. Bí ìdérí yẹn bá ṣí, egungun á wà ní gbangba, ìrora rẹ̀ á sì le ju ti eyín lọ, pàápàá láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Ẹ fi omi dídì tí ẹ wé sínú aṣọ lé ẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Ó máa ń wú jù ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ẹ má bẹ̀rù. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kékeré sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ máa fi fọ ẹnu jẹ́jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ògì tó ti tutù díẹ̀, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, àmàlà àti ewédú tí kò láta ni kí ẹ máa jẹ. Orín kò gbọ́dọ̀ dé ojú ọgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ru ẹrù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà tún bẹ̀rẹ̀. Paracetamol oní-500, hóró 8 ni òpin rẹ̀ fún àgbàlagbà láàárín wákàtí 24. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọ́dọ̀ lo ibuprofen láì bi dókítà.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí ibà bá dé, bí ọrùn bá ń wú, bí itọ́ kò bá ṣe é gbé mì tàbí èémí ń há, ẹ padà lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Bí ètè tàbí ahọ́n bá ṣì kú tipiri lọ́jọ́ kejì, ẹ sọ fún dókítà.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Fóòmánù kan ti sọ lójú mi pé eyín kì í ṣe àìsàn. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 16 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tó jáde ní ọdún 1974, sọ pé òṣìṣẹ́ tí àìsàn ìgbà díẹ̀ bá dá dúró, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin sì jẹ́rìí sí i, ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún kan. Agbanisíṣẹ́ lè ní kí dókítà tirẹ̀ náà yẹ̀ yín wò. Ẹ gbà fún un. Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ gba ìwé tí dókítà fọwọ́ sí, tí ọjọ́ àti òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ mú un tọ ọ̀gá lọ, ẹ mú ẹ̀dà kan wá fún aṣojú yín.

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń jíṣẹ́ owó ojoojúmọ́ fún onímọ́tò, mo mọ̀ pé òfin yẹn lè má dé ọ̀dọ̀ yín. Tiyín dọwọ́ àwa fúnra wa. Mo ń bẹ ìpàdé yìí kí a fi ẹnu kò sí ohun méjì: kí awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ gba sítíárì ẹni tó lọ yọ eyín láì gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ̀ka wa sì ní orúkọ àwọn tó lè sin ẹni tí kò ní ará nílùú lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì bá a sùn mọ́jú.

Ìlera lọrọ̀. Alága, mo fi àbá náà sílẹ̀ fún ìpàdé.