Ẹ̀yà Tí Ń Yí Ẹsẹ̀ Alùpùpù: Ọ̀gbẹ̀rì Nínú Ọjà Ẹ̀yà Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ètò yìí gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò lónìí jẹ mọ́ ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ní Mọ́kọ́lá, ṣùgbọ́n tí ọkàn kì í sábà rò. Alùpùpù àlòkù ni. Àwọn ènìyàn ń pè é ní ọ̀kadà, orúkọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ Okada Air, ilé-iṣẹ́ bàálù tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gùn ún lọ sí kíláàsì, olùkọ́ ń gùn ún lọ sí ẹnu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń fi í gbé èrò kí wọ́n tó lè jẹun. Ní ọjọ́ tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú rẹ̀ bá kọ́kọ́ gbọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń dún kàrà-kàrà, ọjọ́ náà ni ó di oníbàárà nínú ọjà tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe tí kò fi ní ná owó rẹ̀ sí òfo, tí kò sì ní fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wewu?

Kí a tó dé ọjà, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Agbára inú ẹ́ńjìnì kì í fò lọ bá táyà ẹ̀yìn. Ó ń gba inú kílọ́ọ̀ṣì àti jíà kọjá, lẹ́yìn náà ni ó jáde sí ara irin róbótó kékeré kan tí ó ní eyín yíká. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú. Ṣéènì ni ó ń gbé yíyí náà lọ bá sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí ó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1880 ni Hans Renold, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ fún irú ṣéènì tí a ń lò títí di òní. Nígbà tí Art Ingels sì kan ọkọ̀ eré ìje kékeré tí ayé ń pè ní go-kart ní California ní 1956, ẹ́ńjìnì kékeré ni ó gbé sí i. Lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ṣéènì àti irin eléyín ni ó sábà máa ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ ti ọ̀kadà dunjú kò ní jẹ́ àjèjì nídìí èkejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ń wọ́ ni orúkọ. Ọ̀gbẹ̀rì yóò dé ìsọ̀, yóò ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ṣéènì ọ̀kadà ni mo fẹ́." Olùtajà yóò bi í pé, "Èwo nínú rẹ̀?" Bí kò bá ti rí èsì fọ̀, ọwọ́ olùtajà ni ìpinnu bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn wà lára ṣéènì àtijọ́ náà gan-an, nítorí wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 420 tàbí 428, àlàfo tí ó wà láti àárín ìṣó kan sí àárín ìṣó kejì jẹ́ ìdajì íǹṣì, èyíinì ni mìlímítà 12.7. Ìbú inú wọn ni ó yàtọ̀. Ti 420 jẹ́ ìdámẹ́rin íǹṣì, ti 428 sì fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ṣéènì 420 kò ní wọ eyín tí a gé fún 428. Ti 428 lè wọ eyín 420, ṣùgbọ́n yóò máa mì sọ́tùn-ún sósì, yóò sì tètè jẹ irin. Ìdajì íǹṣì náà ni ti kẹ̀kẹ́ ológeere, síbẹ̀ a kò ṣe é fún agbára ẹ́ńjìnì. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀.

Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Eyín rẹ̀ mélòó ni? Ihò bóòtù mélòó ni ó ní? Báwo ni ihò àárín rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó? Ọ̀nà tí ó dájú jù lọ ni kí olùrà tú ògbólógbòó rẹ̀, kí ó fọ̀ ọ́ mọ́, kí ó sì gbé e dání lọ sí ọjà, kí ó lè gbé tuntun lé e lórí. Iye eyín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Bí ti iwájú bá jẹ́ 14 tí ti ẹ̀yìn sì jẹ́ 42, iwájú yóò yí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ẹ̀yìn tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Bí a bá sọ ti ẹ̀yìn di 45, yóò di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àti díẹ̀, nǹkan bí 3.21. Alùpùpù náà yóò túbọ̀ lágbára láti gun òkè Mọ́kọ́lá lọ sí apá Premier Hotel, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú yóò dínkù. Ẹni tí ó bá ra eyín tí ó yàtọ̀ láìmọ̀ ti yí ìwà ọkọ̀ rẹ̀ padà láìmọ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ṣéènì ti gbó? Rúlà akẹ́kọ̀ọ́ tó fún iṣẹ́ yìí. Kí a pa ẹ́ńjìnì, kí a fa ṣéènì le, kí a wọn àlàfo ogún láti àárín ìṣó àkọ́kọ́ dé àárín ìṣó kọkànlélógún. Lára ṣéènì tuntun tí a dárúkọ yìí, mìlímítà 254 ni yóò jẹ́. Bí ó bá ti tó 259, ó ti fà ju bí ó ti yẹ lọ. Kí a wo eyín irin náà pẹ̀lú. Bí ó bá ti mú ṣóńṣó tàbí tí ó tẹ̀ sí apá kan bí ìwọ̀ ẹja, ìlò rẹ̀ ti tán. Àṣìṣe tí ó sì wọ́pọ̀ ni kí a pààrọ̀ ṣéènì nìkan, kí a fi eyín tí ó ti jẹ sílẹ̀. Ògbólógbòó eyín yóò ba ṣéènì tuntun jẹ́ láàárín ìgbà díẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó yẹ kí a jọ pààrọ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn kan yóò bá mẹkáníìkì àdúgbò lọ. Àwọn mìíràn yóò gba Total Garden lọ sí Gate, níbi tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí ẹ̀yà ara mọ́tò. Kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ béèrè ìsọ̀ tí ń ta ti alùpùpù gan-an, nítorí ẹni tí ń ta ti mọ́tò lè má mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti Nnewi wá, ìlú tí òwò ẹ̀yà alùpùpù ti fìdí múlẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Ìgbò. Kí olùrà béèrè iye ní ìsọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó ná an, kí ó gba ìwé ẹ̀rí owó, kí ó sì bá olùtajà ṣe àdéhùn pé òun lè dá a padà bí kò bá wọ̀.

Àríyànjiyàn kan wà tí kò tán bọ̀rọ̀. Àwọn kan gbà pé tòkunbọ̀ sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ayédèrú pọ̀ lórí àtẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1971 ni a ti ní àjọ ìjọba tí ń bójú tó òṣùwọ̀n ọjà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a pín ẹ̀yà sí ọ̀nà méjì. Èyí tí kì í jẹ tán, bí ìbòrí ẹ́ńjìnì, tòkunbọ̀ rẹ̀ lè dára. Èyí tí a dá láti máa jẹ díẹ̀díẹ̀, bí ṣéènì àti eyín rẹ̀, ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ rẹ̀ ra ohun tí ẹlòmíràn ti lò tán. Fún irú èyí, tuntun tí ó ní orúkọ àti nọ́ńbà lára ni ó bójú mu.

Kí ni ó wà nídìí gbogbo àlàyé yìí? Ṣéènì tí ó já lórí eré lè wé mọ́ eyín, kí ó sì dá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró lójijì. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ ní oríta Mọ́kọ́lá, tí ọkọ̀ akérò ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tí ó gùn ún àti èrò tí ó gbé ni ó wà nínú ewu, kì í sì í ṣe èrò ni ó lọ ra ṣéènì. Bí a bá ń so ó, kí ẹnu ìdè rẹ̀ tí ó là má ṣe kọjú sí ibi tí ṣéènì ń yí lọ. Ìdí rẹ̀ tí ó dí ni kí ó ṣáájú. Kí ó má le jù, kí ó má sì dẹ̀ jù: ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kọ sínú ìwé ni kí a tẹ̀lé. Kí ẹnikẹ́ni má sì nu ún nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, nítorí eyín náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àkísà àti ìka ọwọ́.

Ó kan àwọn olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì mọ orúkọ àti ìró ẹ̀yà, ṣùgbọ́n a kì í sábà fi rúlà lé e lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìṣirò ìpín, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé eyín 42 àti 14 ni ìṣirò náà wà fún. Bí kíláàsì bá lè gbé ògbólógbòó ṣéènì kan ka orí tábìlì, kí àwọn ọmọ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n ka eyín rẹ̀, kí wọ́n sì fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí, ìmọ̀ méjèèjì yóò pàdé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Inú kíláàsì ni òkèèrè náà wà. Ọjọ́ tí ṣéènì bá já, ó ti pẹ́ jù.